Àgbéyẹ̀wò: iṣẹ́ kíkọ jíìnì fún ẹ́ńsáìmù àsopọ̀ tó ń jẹ okùn ara ewéko

Jíìnì kan ṣoṣo la ní kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ DNA kọ fún wa, kó lè bí purotéènì méjì tó so pọ̀, méjèèjì láti ara bakitéríà Clostridium thermocellum. Èkíní ni xylanase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé xylan, ìyẹn okùn ṣúgà kan nínú ara ewéko. Èkejì, CBM3, kì í gé ohunkóhun. Ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ cellulose, okùn ara ewéko míì, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, kí xylanase má bàa ṣí kúrò lára okùn náà.

Ní ti kíkọ, wọn ò ṣẹ̀. A ka lẹ́tà DNA náà látòkèdélẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó ṣì. Inú pET-28a, òrùka DNA tó ń gbé jíìnì wọ inú bakitéríà, ló wà, láàárín NdeI àti XhoI, ibi méjì tí wọ́n ti ń gé òrùka náà, 4 µg, ní gbígbẹ. Ẹ fi sẹntirífújì yí ike kékeré náà kí ẹ tó ṣí i, torí DNA gbígbẹ lè lẹ̀ mọ́ ìdérí, ojú ò sì ní rí i. Ọjọ́ iṣẹ́ 12 ni wọ́n dá, ó gba 21.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa kọ. Nínú èyí tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, TAA, lẹ́tà mẹ́ta tó ń ní kí sẹ́ẹ̀lì dáwọ́ dúró, ṣì wà nídìí xylanase. Wọn ò bi wá léèrè. Purotéènì tó yẹ kó tó nǹkan bí 60 kDa (ìwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó) wá dúró sí 40 lórí jẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí. CBM3 ò sí níbẹ̀ rárá. Ewu rẹ̀ ni pé xylan tó yòrò nínú omi ò ní tú àṣírí yìí, torí xylanase nìkan tó láti gé e. Jẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Okùn kékeré tó so purotéènì méjèèjì pọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Èyí tó kún fún ásíìdì amínò proline àti threonine, bíi ti àdánidá, E. coli, bakitéríà tó ń ṣe purotéènì náà fún wa, gé e já, ìlà méjì la rí lórí jẹ́ẹ̀lì. A pààrọ̀ rẹ̀ sí (EAAAK)3, ásíìdì amínò márùn-ún tí a kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìlà kan péré ló kù.

BL21(DE3), irú E. coli kan, la lò, pẹ̀lú kanamycin 50 µg/ml, oògùn tí kì í jẹ́ kí bakitéríà tí kò gbé pET-28a dàgbà. Ní 37°C pẹ̀lú IPTG 1 mM, kẹ́míkà tó ń ní kí bakitéríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì náà, purotéènì pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ló dà nídìí ike, kò ṣeé lò. Ẹ dúró de OD600 (òṣùwọ̀n bí bakitéríà ṣe pọ̀ tó nínú omi) 0.6, ẹ gbé e sórí yìnyín, kí ẹ tó fi IPTG 0.2 mM sí i, kó wà ní 18°C mọ́jú. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ìṣẹ́jú 20 ní 60°C á mú kí púpọ̀ nínú purotéènì E. coli dì bí ẹyin, tiwa á sì wà nínú omi. Ẹ má fi EDTA, kẹ́míkà tó ń di mẹ́tàlì mú, sí i: ó ń ṣí nickel kúrò nínú kọ́lọ́ọ̀mù tí a fi ń ya purotéènì wa sọ́tọ̀, ó sì ń gba kálísíọ́mù lọ́wọ́ CBM3.

Ṣé ó tó owó tí wọ́n gbà? Lórí xylan tó yòrò, rárá. Àsopọ̀ àti xylanase lásán ò jura wọn lọ. Lórí ṣùkù àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí ṣúgà inú rẹ̀ á fi tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣúgà yẹn ni DNS, kẹ́míkà tí a fi ń wọn ṣúgà, máa kà ní 540 nm. Ẹ po ẹ́ńsáìmù mọ́ ọn ní 4°C fún wákàtí kan, ẹ yí i, kí ẹ wọn purotéènì tó kù nínú omi òkè: àsopọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, xylanase lásán ṣì wà níbẹ̀. Tí okùn bá tó ìdá 20 nínú 100 àpòpọ̀ náà, àǹfààní CBM3 máa ń dínkù, torí omi ò pọ̀ tó tí ẹ́ńsáìmù fi máa ríbi ṣí lọ. Lignin, ohun tó ń mú ara ewéko le, náà máa ń gba CBM3 mọ́ra lásán. NaOH díẹ̀ lè ṣí lignin kúrò, ṣùgbọ́n kó má le jù, torí á tú xylan tí a fẹ́ gé gan-an dà nù mọ́ omi.