Jet pump 1HP lórí kànga tí omi rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn: àgbéyẹ̀wò mi

Gbogbo ẹni tó bá rí jet pump, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, lẹ́yìnkùlé mi, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé HP mélòó ni, ìyẹn agbára mọ́tò rẹ̀. 1HP ni. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n bi mí pé báwo ni ojú omi kànga mi ṣe jìn tó, ìyẹn ì bá ṣe wọ́n láǹfààní jù. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí nọ́ńbà ara pọ́ńpù ló yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó náwó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Mọ́tò ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan nínú rẹ̀, apá kan omi tí abẹ̀bẹ̀ yẹn tì á padà gba ihò tóóró kan kọjá pẹ̀lú eré. Ibi tí eré yẹn ti ń ṣẹlẹ̀, agbára tó ń tẹ omi á rọlẹ̀, omi inú kànga á sì máa rọ́ wọlé tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi inú kànga ló ń tì í gòkè, bí ìgbà tí èèyàn ń fi sítírọ̀ mu mínírà. Afẹ́fẹ́ yẹn ò sì lè ti omi gòkè ju nǹkan bíi mítà 10.3 lọ, ìyẹn tí ohun gbogbo bá pé. Nínú ilé tiwa, tí páìpù ní kọ́nà tí oríkèé sì pọ̀, ẹ máa ka mítà 7 sí 8. Ẹ gbé 1HP síbẹ̀ o, ẹ gbé 2HP síbẹ̀ o, ààlà yẹn ò yẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń tajà níbi tí mo ti rà á ò jẹ́ kí n mí. "Mọ́mì, 1.5HP yìí ni kẹ́ ẹ gbé. Á fa gbogbo omi inú kànga yín tán!" Mo ní, "Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn, ọmọ mi." Orí àpáta ni Ìbàdàn wà, díẹ̀díẹ̀ sì ni omi ń sun sínú kànga tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ níhìn-ín. Tí pọ́ńpù bá yára ju ìsun lọ, omi á lọ sábẹ́ ẹnu páìpù, pọ́ńpù á gbé afẹ́fẹ́ mì, á wá máa yí lásán. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń mú un tutù. Tí kò bá rí omi, síìlì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò síta á jó, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín mọ́tò àti orí rẹ̀.

Oṣù Kẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni mo wọn kànga mi. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo sọ ọ́ títí ó fi kanlẹ̀, mo sì fà á jáde. Láti ojú ilẹ̀ dé ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù jẹ́ mítà 6. Èyí tó tutù jẹ́ mítà 3. Tẹ́ ẹ bá wọn tiyín lóṣù Kẹsàn-án, ẹ ti tan ara yín jẹ nìyẹn.

Ìṣirò tó kù ò le. Orí tánkì mi fi mítà 9 ga ju ilẹ̀ lọ. Mítà 6 àti 9 jẹ́ 15. Mo fi díẹ̀ kún un nítorí páìpù àti kọ́nà, mo pè é ní 20. Tánkì gba lítà 1,000, mo sì fẹ́ kó kún láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ìyẹn lítà 25 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n kọ Hmax 45 m (ibi tó lè gbé omi ga dé jù lọ) àti Qmax 50 L/min (omi tó pọ̀ jù lọ tó lè gbé ní ìṣẹ́jú kan) sára pọ́ńpù náà. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ, torí méjèèjì kì í wáyé pọ̀. Ní mítà 45, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde. Lítà 50 yẹn, àfi tí ẹ ò bá gbé omi ga rárá. Ìlà títẹ̀ tó wà nínú ìwé pélébé inú páálí rẹ̀, tó ń fi iye lítà tó ń jáde ní gíga kọ̀ọ̀kan hàn, ni kẹ́ ẹ wò. Tèmi ju lítà 30 lọ ní mítà 20, ó tó mi. 0.5HP á gbé e dé orí tánkì lóòótọ́, àmọ́ ẹ óò dúró pẹ́.

Ní ti fífi í sójú iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kànga ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí páìpù tó ń gbé omi bọ̀ sì jẹ́ íǹṣì kan láti òkè délẹ̀. Pulọ́ńbà á fẹ́ fi èyí tó kéré pa owó mọ́. Ẹ má gbà fún un. Foot valve, ìyẹn ìdè ẹnu páìpù nísàlẹ̀ kànga tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ìgbà kan tí pọ́ńpù ń pàdánù omi tó wà nínú rẹ̀ ní gbogbo òru, ewé kékeré kan tó há sẹ́nu foot valve ni a bá níbẹ̀. Láti rọ omi sí i, mo máa ń tú ìdè orí rẹ̀, mo á rọra da omi sí i títí tí kò fi ní hó mọ́, mo á wá dì í padà pẹ̀lú tépù funfun. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sókè. Tí omi bá ti dé, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ lójijì.

Iná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé e dìde, torí iná tó ń gbà nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tó ń lò tó bá ti ń yí. Ti 2.5kVA gbé e. Tí iná NEPA bá rẹlẹ̀ tí mọ́tò kàn ń kùn láìyí, ẹ pa á kíákíá.

Ẹni tí ojú omi kànga rẹ̀ bá jìn ju mítà 8 lọ lẹ́ẹ̀rùn, kó ra sumo, ìyẹn pọ́ńpù tó ń wọ inú omi, tàbí jet pump onípáìpù méjì tí ẹnu rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ kànga. Irú tèmi yìí ò wúlò fún un. Nínú máàkì 10, mo fún un ní 7. Ariwo rẹ̀ ló gba méjì lọ, ìbòrí rọ́bà ẹ̀yìn mọ́tò tó ti sán gba ọ̀kan.