Oyin àti pollen: èwo ló yẹ kéèyàn lò fún ìlera?

Inú ilé oyin kan náà ni méjèèjì ti ń wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Omi dídùn inú òdòdó tí kòkòrò oyin fi ìyẹ́ fẹ́ títí ó fi ki ni oyin. Pollen ní tirẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí kòkòrò oyin ń kó mọ́ ẹsẹ̀ wálé láti fi bọ́ àwọn ọmọ inú ilé oyin.

Tó bá jẹ́ ikọ́ ló ń dààmú èèyàn, oyin ni mo fara mọ́. Ó máa ń tu ọ̀fun lára, ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018 sì dárúkọ rẹ̀ fún ikọ́. Àmọ́ nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà, nítorí náà kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣọ́ra. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá, torí bakitéríà tó ń fa botulism, ìyẹn àìsàn líle tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, lè wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré.

Purotéènì inú pollen pọ̀ ju ti oyin lọ dáadáa. Síbẹ̀, ṣíbí kékeré kan lóòjọ́ kò lè rọ́pò ẹyin tàbí ẹja, ìwádìí tó ti àwọn ìlérí ńlá ara ìgò rẹ̀ lẹ́yìn kò sì pọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ó lè mú kí ètè àti ọ̀fun ẹlòmíì wú, kó má lè mí dáadáa. Ẹni tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó bá ti ń mú sín tẹ́lẹ̀, kó jìnnà sí i.