Ìkìlọ̀: Ẹ má ra laptop géèmù nítorí ìlérí “a ó bá yín pààrọ̀ processor tó bá yá”

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra laptop géèmù tòkunbọ̀ fún ara yín tàbí fún ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó kówó sílẹ̀. ₦145,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún pípààrọ̀ processor, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò nínú laptop, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe rárá, tí ẹni tó gbowó náà sì mọ̀ pé kò ṣeé ṣe.

Oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi lọ sí agbègbè Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́ ní Poly Ìbàdàn, ó sì fẹ́ràn géèmù gan-an. Laptop tó ní processor Intel tó ń jẹ́ Core i7-9750H ló wù ú, ṣùgbọ́n owó wa kò ká a. Èyí tí owó wa ká ni èyí tó ní i5-9300H, tí agbára rẹ̀ kéré sí i7 yẹn, tó ní káàdì àwòrán GTX 1650 àti RAM 8GB (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ₦620,000. Mo ti ní ká máa lọ sílé, ká lọ wá owó kún owó, nígbà tí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí inú ọmọ yìí bàjẹ́. Ẹ gbé i5 yìí ná. Tówó bá ti wá, ẹ gbé e padà wá, a ó yọ processor ẹ̀, a ó fi i7 síbẹ̀. Ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi sanwó. Ká ní kò sọ ọ́ ni, à bá ti dúró.

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, a gbé e padà lọ pẹ̀lú ₦145,000. Ọjọ́ mẹ́ta ni laptop fi wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí a lọ gbà á, ó tan ẹ̀rọ náà lójú wa, ó ṣí ibi tí Windows ti máa ń kọ orúkọ processor, i7-9750H gàdàgbà ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi dì mọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n a délé, àwòrán tó máa ń gba ogójì ìṣẹ́jú kó tó jáde tún gba ogójì ìṣẹ́jú. Géèmù tó máa ń há kò yé há. Ó sọ fún mi, mo ní kó ṣe sùúrù, pé bóyá ẹ̀rọ náà kò tíì mọ́ ara. Ó dùn mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ náà ló ríran jù mí lọ.

Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mọ́kọ́lá ló tú àṣírí náà, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ó lọ sí Performance, ó tẹ CPU, ó ní kí n ka iye core tó wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor. Mẹ́rin ni, logical processors, tí wọ́n tún ń pè ní thread (iye iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà), sì jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní, “i7-9750H, core mẹ́fà àti thread méjìlá ló ní. Mẹ́rin àti mẹ́jọ tí ẹ rí yìí, ti i5-9300H ni.” Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, ó wọ inú BIOS, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde. i5-9300H ló wà níbẹ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n yí padà nínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí. Nítorí pé orúkọ yẹn máa ń padà sí tòótọ́ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, wọ́n tún fi ètò kékeré kan síbẹ̀ tó ń yí i padà ní gbogbo ìgbà tí Windows bá dìde. Nígbà tó tú ìdí laptop náà, eruku ọyẹ́ ṣì wà lára fáànù àti irin tó ń fa ooru, ó nípọn bí aṣọ. Irin yẹn ló bo processor mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ processor gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́. Wọn kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí ló dé tí kò fi ṣeé ṣe? Wọ́n ti jó processor yìí mọ́ motherboard, ìyẹn pátákó tí ẹ̀yà inú ẹ̀rọ tò sí, láti ilé iṣẹ́ ni, bí wẹ́dà ṣe ń jó irin mọ́ irin. Ẹ wá i5-9300H lórí ojúlé Intel, ẹ ó rí FCBGA1440 níwájú “Sockets Supported”. BGA yẹn ni kí ẹ máa wò: ó túmọ̀ sí pé jíjó ni, ojú 1,440 ni wọ́n sì ti jó o. Kò sí ihò tí ènìyàn yóò ti fa ọ̀kan yọ kó ti òmíràn bọ̀ ọ́. Processor Ryzen tí wọ́n ṣe fún laptop náà, jíjó ni.

Irọ́ yìí máa ń wọ àwọn àgbà létí nítorí pé òótọ́ ni nígbà kan. Àwọn laptop Intel ìran kẹrin, tó jáde ní 2013, ṣì ní èyí tó ṣeé yọ: i7-4700MQ ṣeé yọ, i7-4700HQ kò ṣeé yọ. Láti ìran karùn-ún ni Intel ti ń jó gbogbo ti laptop pátá. Àwọn laptop ńlá díẹ̀ kan wà tó ń lo processor kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bíi Alienware Area-51m ti 2019, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà fún wa ní ₦620,000. Ẹni tó bá wù láti máa pààrọ̀ processor, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni kó rà. Bí ó bá jẹ́ laptop, processor tí ẹ máa fẹ́ lọ́dún mẹ́rin sí i ni kí ẹ rà lónìí, bí ẹ tilẹ̀ máa fara da RAM kékeré ná. RAM àti SSD (ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí) ṣeé fi kún lẹ́yìn ọ̀la nínú ọ̀pọ̀ laptop géèmù. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀ kí ẹ fojú rí àyè tó ṣẹ́kù. Káàdì àwòrán, ìyẹn GTX tàbí RTX, jíjó ni òun náà nínú èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ wo BIOS kí ẹ tó sanwó. Bọ́tìnnì F2 ló máa ń gbé ènìyàn débẹ̀ lórí ọ̀pọ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, F10 ni ti HP. Ẹ ka iye core. Ẹ fi gbá géèmù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ṣájà rẹ̀ gan-an, òǹtajà olóòótọ́ kò ní bínú, wọ́n sì pọ̀ ní Dùgbẹ̀. Ìlérí yòówù tí wọ́n bá ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì. “Service” nìkan ni wọ́n kọ sórí tèmi, ìyẹn ló sì ń fún mi ní wàhálà jù báyìí.

Mo gbé àwòrán BIOS padà lọ bá ọ̀gá náà. Ó kọ́kọ́ ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ òun ló ṣe é. Nígbà tó yá, ó san ₦60,000, ó ní kí n wá gba ìyókù níparí oṣù. Oṣù méjì ti kọjá. Mo ti kọ̀wé sí àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, mo fi rìsíìtì àti àwòrán mọ́ ọn. RAM 8GB tí mo rà kún un ni àbúrò mi fi ń rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Bí ẹ bá ti gbé laptop yín fún ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí láti pààrọ̀ processor, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án lálẹ́ òní kí ẹ ka iye core rẹ̀, kí ọjọ́ tó gorí ọjọ́ lórí owó yín.