Bátì kíríkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin: èyí tó bá eré yín mu àti èyí tí àpò yín lè gbé

Kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta bátì, ẹ kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń ṣeré dání. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni, kò tó gíráàmù 60. Bọ́ọ̀lù aláwọ tí àwọn ọkùnrin fi ń díje wà láàárín gíráàmù 156 sí 163, ó sì le bí òkúta. Bátì tó bá bọ́ọ̀lù tẹníìsì mu lè là sí méjì bó bá pàdé bọ́ọ̀lù aláwọ. Ẹni tó sì ra bátì olówó ńlá láti fi gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì ti náwó sí ohun tí kò ní rí lò. Oríṣi mẹ́rin la fẹ́ fi wéra níbí fún àwọn tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀: bátì káfíńtà, bátì Kàṣímírì, àti ipele méjì nínú bátì wílò Ìlú Ọba (wílò ni igi tí wọ́n fi ń ṣe bátì gidi).

Bátì káfíńtà àti bátì Kàṣímírì

Fún ọmọdé, àti fún bọ́ọ̀lù tẹníìsì lórí ilẹ̀ pupa àdúgbò, bátì káfíńtà kò burú rárá. Irú igi tó jẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àrèrè fúyẹ́, wíwúwo rẹ̀ kò jìnnà sí ti wílò, ṣùgbọ́n ó rọ̀, bọ́ọ̀lù líle á dá ihò sí i lójú. Ìrókò kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tó bátì wílò gẹ́lẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì wúwo jù ú lọ, ọrùn ọwọ́ yín á sì sọ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní sọ́míìlì, ẹ ṣa pákó àrèrè tó ti gbẹ dáadáa, tí ìlà rẹ̀ gùn tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kò ní kókó. Ẹ sọ fún káfíńtà pé kí ojú rẹ̀ má fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10.8 lọ, kí gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ má sì ju 86 lọ fún àgbàlagbà. Àbùkù kan wà tí káfíńtà kò lè tún ṣe: èèkù àti ojú jẹ́ igi kan ṣoṣo, kò sí kéènì (ọ̀pá pankẹ́rẹ́) tí yóò gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra, nítorí náà ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù aláwọ, bátì Kàṣímírì ni kó kọ́kọ́ rò. Igi wílò ni òun náà, láti àríwá Íńdíà. Ó ki ju ti Ìlú Ọba lọ, ó wúwo díẹ̀ jù ú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń fẹ́ pọ́n. Bọ́ọ̀lù kì í ta lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ìyà. Lọ́jà Ìlú Ọba, nǹkan bíi pọ́n-ún 30 sí 60 ni wọ́n ń tà á. Ẹ fi iye owó pọ́n-ún ọjọ́ náà ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ sì fi owó ìkẹ́rù lé e.

Wílò Ìlú Ọba: ipele kẹta tàbí ipele kìíní?

Wílò Ìlú Ọba funfun, ó fúyẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń ta lára rẹ̀ gan-an. Ipele kẹta tàbí ìkẹrin máa ń tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìkínní lè kọjá 250. Kí ni ẹ ń san àfikún náà fún? Ẹwà ni, ní pàtàkì: ìlà igi tó tò tààrà, ojú tí kò ní àbàwọ́n. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún bátì tirẹ̀ ní ipele, kò sí adájọ́ kan tó ń ṣe é fún gbogbo wọn. Àbàwọ́n pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ igi inú lásán, kì í pa eré lára. Ìlà mẹ́fà sí méjìlá ni ẹ ó máa rí lójú bátì. Èyí tí ìlà rẹ̀ pọ̀ máa ń tètè dára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé bí èyí tí ìlà rẹ̀ kéré.

Lójú tiwa, ẹni tí kì í gbá ju ìdíje mélòó kan lọ́dún kò nílò ipele kìíní. Kó mú ipele kẹta tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kó fi owó tó kù ra ìbọ̀wọ́, páàdì ẹsẹ̀, àṣíborí àti ìdáàbòbò abẹ́. Bọ́ọ̀lù aláwọ láìsí ìwọ̀nyí, ewu ni.

Ẹ ṣọ́ra fún bátì Kàṣímírì tí wọ́n lẹ ọ̀rá mọ́ lójú tí wọ́n wá ń pè ní ti Ìlú Ọba. Ẹ̀yìn bátì àti ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò, níbi tí igi ti wà níhòòhò. Bó bá jẹ́ pé Èkó tàbí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti wá, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ojú, ẹ̀yìn, etí méjèèjì àti ìdí, kí wọ́n sì ya á lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ fi bátì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Wíwúwo ju ipele lọ

Òfin kò dá wíwúwo bátì lẹ́kun. Ohun tó dá lẹ́kun ni gígùn (sẹ̀ǹtímítà 96.52), fífẹ̀ (10.8), àti láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, kíki rẹ̀ (6.7) àti ti etí rẹ̀ (4). Bátì àgbàlagbà tó pọ̀ jù wà láàárín kìlógíráàmù 1.1 sí 1.35. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ra èyí tó wúwo nítorí ó rò pé yóò lé bọ́ọ̀lù jìnnà. Bí ọwọ́ bá pẹ́ kó tó dé, bọ́ọ̀lù ti kọjá, kò sì sí agbára kankan nínú bátì tí kò kan bọ́ọ̀lù.

Báyìí ni kí ẹ ṣe dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ òkè nìkan di èèkù mú, ìyẹn ọwọ́ òsì fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá. Ẹ gbé bátì sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì ka ení dé ẹ̀wá. Bí ìdí rẹ̀ bá ń wálẹ̀ kí ẹ tó ka ẹ̀wá, ó wúwo jù fún yín. Ẹ má fi òṣùwọ̀n nìkan ṣèdájọ́, nítorí bátì méjì lè jẹ́ 1.2 lórí òṣùwọ̀n, kí ọ̀kan fúyẹ́ lọ́wọ́, kí èkejì máa fà sísàlẹ̀.

Ibi tí igi ti ki jù ló ń fa èyí. Ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù ti ń ta jù. Ojú agbára ni a ó máa pè é. Ẹ fi bọ́ọ̀lù àtijọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ìdí lọ sókè, ìka méjì-méjì, bí ayàn ṣe ń wá ibi tí ohùn ìlù wà. Ní ìdí, á dún gbẹ, ọwọ́ á gbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá dé ojú agbára, ohùn á jinlẹ̀, bọ́ọ̀lù á fò padà fúnra rẹ̀, ọwọ́ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Lórí ilẹ̀ pupa tí bọ́ọ̀lù kì í ti í ga, ẹ mú èyí tí ojú agbára rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ sórí kọ̀ǹkéré, bọ́ọ̀lù máa ń ga, àárín tàbí òkè ló dára.

Ti gígùn kò le. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 7 títí dé 6 àti íǹṣì 2, bátì tí wọ́n kọ SH (Short Handle, èèkù kúkúrú) sí lára ni tirẹ̀. Ẹni tó kéré díẹ̀ sí i, bátì Harrow, ìwọ̀n tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, ni tirẹ̀. Ẹ má ra bátì ńlá fún ọmọ pé yóò dàgbà bá a, nítorí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a lódì.

Ẹ tún yẹ èèkù wò. Kéènì tí wọ́n ń pè ní Sarawak ló dára jù, tí wọ́n lẹ ọ̀pọ̀ ègé rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi rọ́bà sáàárín. (Ìpínlẹ̀ kan ní Malaysia ni Sarawak.) Ẹ gbé ìdí bátì lé orí bàtà, kí ẹ tẹ èèkù díẹ̀: kó yí, kó padà, kó má dún. Bó bá dún kẹ̀kẹ̀, ibi tí èèkù ti wọnú ojú ti ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára bátì tòkunbọ̀, kí ẹ tó wo sísán etí àti ti ìdí.

Ohun tó ń pa bátì tuntun

Bátì wílò tuntun kò tíì ṣetán fún bọ́ọ̀lù aláwọ. Ẹ fi òróró línsíìdì tútù (raw linseed, èyí tí wọn kò sè) pa ojú, etí àti ìdí rẹ̀, síbí tíì kan péré lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìbúlẹ̀ fún ọjọ́ kan láàárín wọn. Òróró kò gbọ́dọ̀ kan èèkù, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n bá ti lẹ ọ̀rá mọ́ kò gbà á. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà, àdín tàbí òrí rọ́pò rẹ̀. Línsíìdì máa ń gbẹ sínú igi. Àwọn yìí kì í gbẹ, wọn á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, wọn á sì mú bátì wúwo.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù onígi lù ú fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lápapọ̀, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa fi agbára kún un. Etí ni kí ẹ pẹ́ sí jù, kí ẹ sì lù ú ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ má lù ú ní ojúkojú. Bí bọ́ọ̀lù àtijọ́ bá ṣì ń fi àpá okùn rẹ̀ sílẹ̀ lójú bátì, ẹ padà sí òòlù. Kàṣímírì ń fẹ́ wákàtí púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà òjò, ìdí ni omi ń gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni òpó tóóró inú igi ti ṣí sílẹ̀. Á wú, á sì là. Ẹ lẹ rọ́bà mọ́ ọn kí ẹ tó lò ó, ẹ má sì fi lu ilẹ̀ tútù. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, igi máa ń gbẹ jù: òróró díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ti tó, kí ẹ sì gbé bátì kúrò nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, kí ẹ fi í síbi tí oòrùn kò lè dé.