Fídíò orin márùn-ún tí iṣẹ́ ọwọ́ ṣì hàn lára wọn

Ohun kan péré ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: fídíò tí àrà inú rẹ̀ ti ọwọ́ èèyàn jáde, tí ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó lè rí bí wọ́n ṣe dá a. Thriller ti Michael Jackson kò sí níbí. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 ló gbà. Fíìmù kékeré tí wọ́n fi orin sí nínú ni.

Bohemian Rhapsody ti Queen ló wà ní ipò karùn-ún. Bruce Gowers ló darí rẹ̀ lọ́dún 1975, wákàtí bíi 4 sì ni wọ́n fi yà á. Ibi tí ojú Freddie Mercury, akọrin ẹgbẹ́ náà, ti ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni dúró láàárín dígí méjì, kámẹ́rà ni wọ́n kọ sí tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé àwòrán kámẹ́rà náà gan-an jáde. Ibi tí orí kan ti di púpọ̀, gíláàsì onígun púpọ̀ ni wọ́n fi bo ojú kámẹ́rà. Orí téèpù ni wọ́n yà á sí, kì í ṣe fíìmù, nítorí náà yóò máa ṣe bàìbàì lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó.

Ipò kẹrin: They Don't Care About Us ti Michael Jackson, 1996, èyí tí Spike Lee yà ní Bràsíìlì. Fídíò méjì ni orin náà ní, kì í ṣe ti inú ẹ̀wọ̀n ni mò ń sọ. Ní Pelourinho ní ìlú Salvador, níbi tí wọ́n ti ń na ẹrú láyé àtijọ́, àwọn onílù Olodum kún ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ Olódùmarè nínú orúkọ yẹn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú un. Ẹ fi íápíìsì sétí, nítorí ohùn surdo, ìlù ńlá tó gbé orin náà dúró, kì í jáde dáadáa lára fóònù lásán.

Sledgehammer ti Peter Gabriel, 1986, ló gba ipò kẹta. Wákàtí 16 ni ọkùnrin yìí fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ gíláàsì tí àwọn oníṣẹ́ ń to nǹkan sí lókè ojú rẹ̀: wọ́n á sún un díẹ̀, wọ́n á yà á, wọ́n á tún sún un. Tó bá ṣèèṣì mira, àwòrán á fò. Nick Park, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ náà, ló mú adìyẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ rẹ̀ jó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ipò kejì, Virtual Insanity ti Jamiroquai, 1996, tí Jonathan Glazer darí. Ẹ ó rò pé ilẹ̀ ló ń gbé Jay Kay, akọrin ẹgbẹ́ náà, sáré. Ilẹ̀ kò mira rárá! Ògiri ló ń rìn, kámẹ́rà sì so mọ́ ògiri, wọ́n jọ ń lọ ni. Nítorí pé ojú wa kò gbà pé ògiri lè rìn, ilẹ̀ là ń fura sí. Ẹ wo àwọn àga: èyí tó jókòó sórí ilẹ̀ yóò dà bí ẹni ń sá lọ, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yóò dà bí ẹni dúró. Nígbà tí kámẹ́rà bá gbójú sókè sí àjà tàbí wolẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e. Kó tó padà, nǹkan inú yàrá ti yí. Ẹni tó mọ gbogbo èyí ṣì máa gbádùn rẹ̀.

Take On Me ti a-ha, ẹgbẹ́ olórin láti Norway, ni mo fi ṣe ìkíní. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fídíò mìíràn fún orin náà, kò gbayì. Ti Steve Barron, 1985, ló mú un kárí ayé. Wọ́n ya àwọn òṣèré sórí fíìmù ná. Michael Patterson àti Candace Reckinger wá ń gbé àwòrán inú fíìmù náà sórí bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi pẹ́ńsù tọ ilà rẹ̀. Bí 3,000 àwòrán ni wọ́n yà, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16. Ọwọ́ kì í fa ilà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí ilà fi ń gbọ̀n lára wọn. Ìgbọ̀n yẹn gan-an ló fún wọn ní ẹ̀mí.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí ìbú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíga lọ, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀dà tó bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní látòkè délẹ̀, látọ̀tún dósì, wọ́n ti fà á gbọọrọ tàbí kí wọ́n ti gé e lókè nísàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin àti ọmọbìnrin inú fídíò náà bá ń yí férémù kan po, ẹ dá fídíò náà dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn férémù ti di ẹran ara, ìta rẹ̀ ṣì jẹ́ pẹ́ńsù, èjìká kan náà sì gba etí férémù kọjá láìsí ibi tó ti já.