Ìkìlọ̀: Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wó ògiri ilé bàbá yín ní Iléṣà

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé lóko, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rékọjá òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí kọngílá kankan pé kó bá yín tún ilé ṣe. Ọkùnrin kan wà nígboro Iléṣà tó ń wá àwọn ọmọ onílé tí kò gbélé kiri. Àwa ti kó sí i lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn àgbà, àti pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Bó bá pa orúkọ dà lọ́la, ọ̀nà yẹn náà ni yóò tún gbà wọlé tọ̀ yín.

Ìsọ̀kùn ni ilé bàbá wa wà. Òṣómàáló ni bàbá wa. Wọ́n ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí owó á fi jáde, owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé. Ọdún tí wọ́n parí ẹ̀, 1958, ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sókè àbáwọlé, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún yìí. Ẹ̀yin náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, fèrèsé kéékèèké, ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án gangan, ẹ ó tanná kẹ́ ẹ tó rí ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Màmá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń lọ sí ilé ìdáná lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí èmi àtàwọn àbúrò mi fi dáwó jọ: ká so yàrá méjì iwájú pọ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó di pálọ̀ ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ á máa wọ̀, ká sì mú ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wọnú ilé. Mo ṣì gbà pé èrò yẹn dára. Ilé àtijọ́ tó yẹ ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Iléṣà pọ̀, ó sàn ju ká máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń di àlàpà lọ.

Orí WhatsApp ni àbúrò mi tó wà ní Jámánì ti rí ọkùnrin yìí. Àwòrán oríṣiríṣi ló ń gbé síbẹ̀: ilé tó ṣókùnkùn lápá kan, pálọ̀ tó mọ́lẹ̀ rekete lápá kejì, táìsì tó ń dán, iná lára àjà. A ò bi í pé níbo làwọn ilé náà wà. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, ó ń pè wọ́n ní "Ìyá wa." Ó ní ₦4,200,000 ni gbogbo iṣẹ́ náà máa jẹ, oṣù méjì ló máa gbà. Kọngílá méjì mìíràn tá a ti bi ṣáájú sọ pé kò lè dín ní mílíọ̀nù méje. Dípò kí ìyẹn bà wá lẹ́rù, inú wa dùn. Ó ní ká kọ́kọ́ san ₦3,000,000, pé òun fẹ́ tètè ra sìmẹ́ńtì àti irin kí wọ́n tó tún gbówó lé e. A san án.

Ọjọ́ kejì tówó wọlé ni wọ́n dé, géńdé mẹ́fà pẹ̀lú òòlù ńlá. Wọn ò kó àpò sìmẹ́ńtì kan dání. Wọn ò kó irin, wọn ò kó igi tí wọ́n á fi ti òrùlé. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wó ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì láti iwájú dé àárín ilé, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn àbáwọlé, wọ́n sì ti ká páánù kúrò lórí yàrá méjì. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa dùn ún wò. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń yá!" Àfìgbà tí Màmá pè mí lóru, ohùn wọn ń gbọ̀n: "Ìyá Ìbejì, ojú ọ̀run ni mò ń wò láti orí bẹ́ẹ̀dì mi o."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà ò gbé fóònù mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó máa gbé e, ó ní iṣẹ́ náà ti ju bóun ṣe rò lọ, àfi ká fi ₦1,800,000 kún un. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. A bẹ̀ ẹ́, a sì fún un ní ₦900,000.

Ẹ dákun, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti dúró wò ó dáadáa nìyí. Wíwó yẹn gan-an ni òwò rẹ̀. Ògiri tó ti wó lulẹ̀ ni wọ́n fi ń mú wa. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ lè lé kọngílá lọ, ẹ lè gba owó yín, ẹ lè pe ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ti wó o tán, òrùlé ti ṣí, òjò ń bọ̀, ìyá yín wà nínú ilé, iye tó bá bu lẹ ó san. Wíwó ilé ò sì ná an ní nǹkan kan. Ọjọ́ kan ló gbà, ó sì jọ iṣẹ́ gidi lójú ẹni tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn tó gba ₦900,000 yẹn, ó da bíìmù kan sókè, ìyẹn kọnkéré gbọọrọ tó yẹ kó gba ẹrù òrùlé dípò ògiri, ó dá páánù padà, ó sì tún lọ. Nígbà témi fúnra mi dé láti Ìbàdàn, mo lọ bẹ bàbá arúgbó kan tí wọ́n jẹ́ bíríkìlà, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ilé náà, pé kí wọ́n wá bá mi wò ó. Wọ́n wọlé, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fi eegun ìka kan ògiri tó kù, wọ́n dẹtí sí i. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ha ibi tí wọ́n ti wó o, amọ̀ pupa sì dà sí wọn látẹ́lẹwọ́. Wọ́n wá bojú wò mí. "Ṣé o mọ̀ pé amọ̀ nilé yìí? Ẹ̀wù ni sìmẹ́ńtì tó wà lára rẹ̀."

Ohun tí bàbá ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà, ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ni. Nínú ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ bíi tiwa, ògiri méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ru ilé. Orí wọn ni igi àjà sùn lé, orí wọn náà lòpó tó gbé góńgó òrùlé dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ wó wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi igi ti òrùlé, kó gbẹ́ ilẹ̀, kó gbé òpó onírin dìde láti ìpìlẹ̀, kó tó wá gbé bíìmù lé òpó náà. Bíìmù kì í jókòó sórí amọ̀. Ẹrù tí gbogbo ògiri ń pín rù tẹ́lẹ̀ ti wá kó jọ sójú kan, amọ̀ ibẹ̀ á sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Orí amọ̀ yẹn náà ni tiwa jókòó sí. Irin 16, ìyẹn èyí tó nípọn ní mìlímítà 16, la jọ sọ, irin 10 la bá níbi tórí rẹ̀ yọ síta. Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n da kọnkéré náà ni wọ́n ti yọ igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bíìmù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí igi, nítorí nǹkan bí ọjọ́ 28 ni kọnkéré fi ń le tó bó ṣe yẹ. Bàbá na okùn láti etí ìsàlẹ̀ bíìmù lápá kan dé apá kejì. Láàárín, bíìmù ti fi ìbú ìka méjì sọ̀ kọjá okùn. Lókè ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ògiri ti lanu. Mo ti ìka ìfábẹ̀là mi bọ̀ ọ́, ó wọlé dé oríkèé kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la kó Màmá lọ sílé àbúrò wọn. Wọn ò fẹ́ lọ. Wọ́n ń sunkún pé àwọn ò sun ìta rí látìgbà tí bàbá wa ti kú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí ju owó lọ. Àjà ilé náà, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò láyé ijọ́sí. Òòlù làwọn ọmọ yẹn fi fọ́ ọ, eruku funfun gba gbogbo ilé, Màmá sì wà ní yàrá kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo irú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń fa jẹjẹrẹ. Eruku rẹ̀ ló léwu, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ju 20 ọdún lọ kí àìsàn tó yọjú. Àwọn géńdé mẹ́fà yẹn ò ju ọmọ ogún ọdún lọ, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìbòmú. Bí irú àjà yẹn bá wà nílé yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Kí wọ́n wọ́n omi sí i dáadáa, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá, kí ará ilé má sì sí nítòsí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí òòlù kan ògiri kí irin, sìmẹ́ńtì àti igi tí wọ́n á fi ti òrùlé tó wà nílẹ̀ níwájú ilé, kẹ́nìkan yín sì ti fojú rí wọn. Ẹ fúnra yín ra ọjà, owó iṣẹ́ nìkan lẹ máa san fún un, díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí. Ẹ gbé irin sórí òṣùwọ̀n: ọ̀pá 16 kan tó gùn ní mítà 12 máa ń wọ̀n tó kílò 19, ọ̀pá 12 á lé díẹ̀ ní kílò 10 àtààbọ̀. Bó bá fúyẹ́ gidigidi sí i, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Páánù lọ́ńgúspáànù náà ńkọ́? Èyí tó nípọn ní mìlímítà 0.55 ni wọ́n á kọ sínú ìwé, 0.45 ni wọ́n á gbé wá, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n, àfi kẹ́ ẹ fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Ilé tó wà nínú àwòrán, ẹ ní kó mú yín débẹ̀, kẹ́ ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ níṣojú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, kó wo ilé náà kẹ́ ẹ tó dá iye owó. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí ilé padà báyìí, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ fún ọkùnrin yẹn, ẹ̀rín ló fi mí rín.

Bàbá bíríkìlà ti bá wa fi igi ti òrùlé báyìí, ẹnjiníà sì ti yà á sórí ìwé bí òpó mẹ́rin á ṣe gòkè láti ìpìlẹ̀. A máa parí rẹ̀, bó pẹ́ bó yá.

Ilẹ̀kùn àbáwọlé tí wọ́n yọ yẹn, a ò rí i mọ́. Ìrókò ni, aláwẹ́ méjì, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn sára rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ apá òsì ti kán. Bọ́ọ̀lù wa ló kán an nígbà tá a wà lọ́mọdé, bàbá wa sì nà wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra pákó àti ilẹ̀kùn àtijọ́ ní Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti Òṣogbo, bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Iye tẹ́ ẹ bá fi rà á, màá dá a padà fún yín, n ò ní bi yín léèrè ohunkóhun.