Sóyà tó jẹ gbèsè: bí ERPNext ṣe rí ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ wa ní Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ gbé sọ́fítíwíà ERP, èyí tí ń kó ìṣirò owó, ẹrù àti iṣẹ́ ilé iṣẹ́ pọ̀ sójú kan, wọ ilé iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀ kí n lè sinmi. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ní apá Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn níbí. Èmi ni mo ń mójú tó ìṣirò owó, èmi náà ni mo ń ṣètò ohun tí a máa lọ̀ lọ́sẹ̀. ERPNext la ń lò. Sọ́fítíwíà náà dára, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Àwọn tó kọ́kọ́ bá wa gbé e kalẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, máàkì kan ni tiwọn, ìyẹn náà torí pé wọn kì í pẹ́ dé.

Ilé iṣẹ́ Frappe ní Mumbai, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ló ṣe ERPNext. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, kódà ẹ lè ṣí inú rẹ̀ kí ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín. Ẹni tó máa bá yín gbé e kalẹ̀, tó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tó sì máa máa tọ́jú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ohun tí a ti san lórí ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ àgbàdo kan. Orí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì ló wà, ìnfátà ló ń gbé e. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, kò kàn wá, Wi-Fi inú ọgbà la fi ń dé orí rẹ̀.

Àwọn ará Èkó tó kọ́kọ́ wá yẹn múra dáadáa. Yàrá Alhaji, ọ̀gá wa, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, kò sì sí èyí tó fi ẹsẹ̀ kan ilé ìkẹ́rùsí nínú wọn. Iye ẹrù tó wà nílẹ̀, inú lẹ́jà ni wọ́n ti dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí lẹ́jà yẹn ti ń parọ́. Àpò ni wọ́n fi ka àgbàdo. Ẹni tó bá ń ná ọjà Bódìjà mọ̀ pé àpò kò níwọ̀n: kílò 100 lẹ́nu, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó di 94, èyí tó tẹ̀lé e di 103.

Èyí tó burú jù wá ni ti Stock Settings, ibi tí a ti ń ṣètò bí sọ́fítíwíà á ṣe máa ka ẹrù. ERPNext kì í jẹ́ kí ẹ mú ohun tí kò sí nínú ìwé jáde. Bí kílò 500 ló rí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ lo 700, kò ní gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Allow Negative Stock. Tí ẹ bá ti fi àmì sí i, kò ní dá yín dúró mọ́. Àwọn ọ̀gbẹ́ni yìí fi àmì sí i kí a má baà máa fi ìpè dà wọ́n láàmú. Ó di ọjọ́ kan, mo tẹ àkọsílẹ̀ ẹrù jáde, mo mú un lọ bá Bàbá Sítọ́ọ̀. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n wò ó títí.

"Ìyá Ìbejì, kí ni ilà kékeré tó wà níwájú 1,340 yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ó ní sóyà wa ti tán, ó tún ti kọjá títán. Ó ti wọ òdì."

Wọ́n bọ́ awò. "Ṣé sóyà wá ń jẹ gbèsè ni? Ta ló yá a?"

Bí a ṣe dúró yẹn, sóyà wà lẹ́yìn wọn gègèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ọmọ Ìbàdàn kan ló bá wa tún un ṣe, ọmọ Poly, tó ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Nígbà tó dé, kò béèrè kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti ń wọn ọjà kó tó wọlé?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó wa kò ní ṣòfò. A dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ Àìkú, a wọn gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, títí dé iyọ̀ àti òwú tí a fi ń rán ẹnu àpò. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di kílò. Ó pa Allow Negative Stock, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí òun ṣí i padà, kó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Alhaji. Kò tíì sí ẹni tó lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí ìwúlò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní Bill of Materials ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó máa wọ inú àpòpọ̀ kan. Ti adìyẹ tó ń yé, àgbàdo ni, sóyà, èérí wheat, limestone tí ń mú èèpo ẹyin le, eegun lílọ̀, lysine àti methionine (èròjà amáradàgbà), premix (àpòpọ̀ fítámì) àti iyọ̀. Ọmọ yìí ní kí a fi àpò òfìfo àti òwú kún un. Alhaji ní àṣejù ni, ó ṣáà fi í síbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, oníbàárà wa kan l'Ákànrán pè fún tọ́ọ̀nù 8. Mo ṣí Production Plan, ibi tí a ti ń ṣètò ohun tí a fẹ́ lọ̀, mo kọ iye náà sí i, mo ní kó ka èròjà fún mi. Tọ́ọ̀nù 8 jẹ́ àpò 320, kílò 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàdo kílò 4,000 ló fẹ́, ó pé. Sóyà pé. Limestone kílò 720 ló fẹ́, 600 ló wà. Àpò òfìfo 320 ló fẹ́, 210 ló wà.

Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí a bá ti lọ̀ ọ́ tán, tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ àpòpọ̀, la máa ń mọ̀ pé àpò kò tó. Ọmọ kan á gun ọ̀kadà lọ ra àpò ní owó gọbọi, àwọn tó ń rán ẹnu àpò á fẹ̀yìn ti ògiri, wọn á máa tẹ fóònù. Ní báyìí, Material Request, ìwé ohun tó yẹ kí a rà, ti wà lọ́wọ́ mi kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Ó tún máa ń ka ohun tí a ti rà tí kò tíì dé, ó sì máa ń yọ èyí tí a ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn kúrò, kí èmi náà má lọ ta ẹrù kan fún ẹni méjì.

Bill of Materials tí a bá ti fọwọ́ sí, a kì í yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà lábẹ́lẹ̀. Bí àgbàdo bá wọ́n, tí a fẹ́ fi ọkà bàbà rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀, a máa kọ tuntun ni, ti tẹ́lẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Oníbàárà tó bá wá sọ pé oúnjẹ oṣù tó kọjá ló dín ẹyin òun kù, mo lè wo ohun tó wà nínú rẹ̀ gẹ́lẹ́ kí n tó dá a lóhùn.

Àgbàdo ló wá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹ ra tọ́ọ̀nù 10 àgbàdo tuntun nígbà òjò, kí omi ara rẹ̀ jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sá a títí omi náà fi dín sí ìdá 13. Tọ́ọ̀nù 10 yẹn ti di kílò 9,425. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí eku. Omi ni kílò 575 tó lọ. Kò sì sí bí ẹ kò ṣe ní í gbẹ ẹ́, nítorí àgbàdo tútù tó bá pẹ́ nílẹ̀ á bu, ibẹ̀ ni aflatoxin, májèlé tí èébu ń mú wá, ti ń wọ oúnjẹ, adìyẹ kì í sì í fara dà á. (IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú wa níbí, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko nítorí ẹ̀.) Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kò mọ omi. Ohun tó rí ni pé kílò 575 ti sọnù, Bàbá Sítọ́ọ̀ ló sì ni kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará Èkó ní kí a máa kọ ọ́ sí àdánù. Bàbá ní àwọn kò ní gbà, pé orúkọ àwọn kò ní wà lábẹ́ àdánù tí àwọn kò jẹ.

Ọmọ Poly yìí dá ilé ìkẹ́rùsí méjì sílẹ̀ nínú ERPNext, ọ̀kan fún àgbàdo tútù, èkejì fún gbígbẹ. Ó fi àyè kan kún ìwé tí a fi ń gba ọjà wọlé, ibẹ̀ la ó máa kọ omi ara àgbàdo sí, a sì ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn omi náà. Bí a bá gbẹ ẹ́ tán, a tún un wọ̀n, a wá lo Stock Entry (àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń wọlé tàbí jáde) tí wọ́n ń pè ní Repack: 10,000 jáde lọ́dọ̀ tútù, 9,425 wọlé sí gbígbẹ. Gbogbo owó tí a fi ra ti tútù á bá a wọlé. Ká ní náírà 400 la ra kílò kan; tó bá gbẹ tán, ó ti lé ní 424. Orí 400 yẹn ni ilé iṣẹ́ wa ti ń ṣírò iye tí a máa ta oúnjẹ láti ọdún gbọ́nhan. Alhaji ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́jọ́ tí mo fi hàn wọ́n. Sọ́fítíwíà náà ti san owó ara rẹ̀ lórí ìyẹn nìkan.

Ètò ìgbanisíṣẹ́ àti owó oṣù wà nínú Frappe HR, tí ẹ lè fi kún un, kódà ó lè ṣe ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. A kò fọwọ́ kan ìwọ̀nyẹn.

Bàbá Sítọ́ọ̀ kì í tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń kọ ọ́ sí ìwé wọn, ọmọbìnrin kan ló ń gbé e wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọkọ̀ bá já ẹrù ní ìrọ̀lẹ́, tí a kò gbé e wọlé lọ́jọ́ náà, ètò àárọ̀ ọ̀la á ní kí a lọ ra ohun tó wà lẹ́sẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ bá ti tẹ Submit lé lórí, kò ṣeé nù. Ẹ máa fagi lé e ni, kí ẹ tún un kọ, ti àkọ́kọ́ á ṣì hàn. Bàbá ò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Bí ẹ̀yà ọjà kan ṣoṣo lẹ ń ṣe, ẹ dúró ti Excel yín, kí ẹ fi owó náà ra òṣùwọ̀n tó péye. Bí àpòpọ̀ yín bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí gbogbo wọn ń jẹ láti inú àgbàdo kan náà, ẹ gbé e wọlé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yín lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń já ẹrù, kí ẹ sì bi í ohun tó máa ṣe sí Allow Negative Stock. Ẹ má gbàgbé ẹ̀dà ìpamọ́: tiwa wà lórí dísíìkì kan tí Alhaji ń gbé lọ sílé lálaalẹ́.

Máàkì kan tí mo yọ, ti reorder level ni. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín kọ iye tí ẹ kò fẹ́ kí ẹrù dín sí, ibẹ̀ náà ló sì máa dúró sí, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Kò mọ̀ pé àgbàdo máa ń wọ́n kí tuntun tó jáde, pé ó yẹ kí a ti rà sílẹ̀. Alhaji ló ṣì ń mọ ìyẹn, lórí fóònù, pẹ̀lú àwọn ará Bódìjà.